Àwọ̀ Ẹyin Àjíǹde Lára Gèlè Sílíkì

Radostína ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ nínú ilé alájà mẹ́sàn-án tí ẹ ń gbé ní Sófíà yẹn, o ò ní yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Àwa náà wà láàyè, ewúrẹ́ ti bímọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ti sú mi.

Ìwọ náà mọ̀ pé ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ẹyin tí a bá kọ́kọ́ yọ nínú aró pupa, ojú ọmọdé là ń fi í ra kí ara rẹ̀ lè le. Ọmọdé wo ló kù nílé? Gbogbo yín ti sá lọ sí ìlú, ni mo bá fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ. Stámen ọkọ mi ò dúró kó gbẹ, ó fa aṣọ tó wà nítòsí, ó fi nujú. Gèlè sílíkì funfun ìyá rẹ̀ ni, èyí tí wàá wé lọ́jọ́ ìgbéyàwó! Mo figbe ta, ó ní ṣebí aṣọ lásán ni.

Mo tan fóònù tí o rà fún mi, mo bi í bí a ṣe ń yọ aró lára sílíkì. Obìnrin kan yọjú, ó ní omi tútù àti ọtí kíkan díẹ̀ ni, ká máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ká má ra á. Mo kí i, kò dáhùn. Mo na gèlè sí i lójú kó lè rí i, kò wò ó, ẹjọ́ tirẹ̀ ló ń rò lọ. Ibi tí mo ti ń bi í léèrè ló ti pòórá, ọkùnrin kan gba ipò rẹ̀, ó ń polówó táyà. Táyà! Ṣé mo ní mo ní ọkọ̀ ni? Ẹni tí kò lè kí àgbà, kí ló mọ̀ nípa sílíkì? Ó ní ká tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: ìdọ̀tí wo ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rí?

Ìyá Tsóna aládùúgbò wa ní kí n fi wàrà ewúrẹ́ rẹ ẹ́. Mo rẹ ẹ́, ológbò ló jàǹfààní. Ni mo bá se omi eérú bí a ṣe ń fi fọ aṣọ ibùsùn, ó ń hó yaya, mo sọ gèlè sí i. Radostína, pupa náà kúrò pátápátá! Àmọ́ gèlè súnkì.

Jọ̀wọ́, fi owó ọṣẹ ránṣẹ́. Má fi gba inú fóònù o, obìnrin yẹn á rí i. Fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé tí o fẹ́ kọ́ tòrò. Mo mọ̀ pé inú rẹ ti ń dùn, ìwọ tó o ní gèlè àtijọ́ kò bá aṣọ rẹ mu. Má tíì yọ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n wò: kò gba orí àgbà mọ́, orí ọmọ ọwọ́ ló bá mu wẹ́kú. Nítorí náà, ẹ má pẹ́ o.

Èmi ni ìyá rẹ,
Zlátka