Sọ fún Aṣọ́nà Rẹ Pé Èmi Ni Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Gbogbo wa nílé wà láàyè, orúnkún mi ti ń gbọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, èyí abo sì jọ ìyá rẹ̀ nínú oríkunkun. Ohun tó dára ni mo fi ṣáájú o, nítorí inú mi ò dùn sí ọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ́nà tí o gbà sẹ́nu àdírẹ́sì ẹbí wa ni. Mo rántí bí o ṣe là á yé mi nígbà tí o wá, pé àdírẹ́sì íméèlì kan ṣoṣo ni, ohun tí èèyàn bá fi fóònù kọ síbẹ̀, gbogbo ẹbí ló máa rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó yá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àwọn àjèjì ti ń kó ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí wọ ibẹ̀, lo bá tilẹ̀kùn, o ní àwọn tí o kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀ mọ́. Mi ò bá ọ jà sí ìyẹn, èmi náà ń ti ilẹ̀kùn mi nítorí ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Mo ní kí onígbàjámọ̀ àdúgbò wa bá mi fi fóònù tirẹ̀ kọ̀wé sí ẹbí. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, aṣọ́nà rẹ ti dáhùn pé a kò gbà yín láàyè láti kọ̀wé síbí, ẹ kàn sí alábòójútó. Mo ní bóyá kò mọ̀ mí ni. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé èmi ni mo bí alábòójútó, èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Mo kí i kú iṣẹ́, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo fi fọ́tò mi ránṣẹ́ kó lè rí i pé imú èmi àtìrẹ jọra. Ọ̀rọ̀ kan náà. Onígbàjámọ̀ ní kì í ṣe èèyàn, pé àdírẹ́sì òun ni kò sí lára àwọn tí o kọ sílẹ̀. Mo ní kó máa gé irun rẹ̀ lọ. Ohun tí kì í ṣe èèyàn kò lè mọ ọ̀wọ̀ àgbà tó báyẹn, kò fi ìgbà kan pè mí ní "ìwọ". Ọmọlúàbí ni, àìmọ èèyàn ló ń dà á láàmú.

Ohun tó ká mi lára gan-an nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka ohun tí àbúrò bàbá rẹ tó ń ta mọ́tò kọ síbẹ̀ sí mi létí. Ó ní mo ti gbà kí wọ́n ta ilé wa, pé mo fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ. Mi ò bá a sọ ọ́ rí. Gbogbo ẹbí dáhùn pé ó dára. Ìwọ náà kọ ọ́ pé ó dára. Mo sunkún. Aṣọ́nà rẹ lé oníjẹ̀díjẹ̀dí, ó lé èmi náà, ẹni tó fẹ́ ta ilé mọ́ mi lórí sì ti jókòó sínú yàrá. Ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà.

Nígbà tí àwọn tó fẹ́ rà á wá wọn ògiri, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò pariwo. Mo ní a kò gbà yín láàyè síbí, ẹ kàn sí alábòójútó. Wọ́n ní àbúrò bàbá rẹ ló rán àwọn, mo tún un sọ. Wọ́n kí mi, wọ́n bẹ̀ mí, mo tún un sọ. Wọ́n ká okùn ìwọ̀n wọn, wọ́n lọ. Iṣẹ́ aṣọ́nà yẹn gbéṣẹ́, má ṣe dá a dúró.

O ò gbé fóònù rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí awakọ̀ tó ń ná ìlú yín mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Fi owó àgádágodo méjì rán an padà, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí o fi díẹ̀ lé e fún onígbàjámọ̀. Kọ orúkọ mi síwájú gbogbo wọn. Bí o bá fẹ́ kí n wá gbé lọ́dọ̀ rẹ, wá jókòó sórí bẹ́ńṣì tí bàbá rẹ kàn, kí o sọ ọ́ lójú mi, kí èmi náà lè sọ fún ọ pé mi ò lọ.

Iṣẹ́ rẹ á máa gòkè. O ó kọ́ ilé, o ó pẹ́ nínú rẹ̀, ọmọ tí o bí kò ní dáhùn "ó dára" lórí rẹ láì kọ́kọ́ bi ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tí kò gbà.