Orogún Mi Kì í Mu Mílíìkì

Kí n tó kí ẹnikẹ́ni: mo jẹ obìnrin tó ń sin eku tà ní gbèsè aṣọ kan, nítorí eku tó fún mi lóṣù tó kọjá. Aṣọ náà wà lórí ìkọ́, bọ́tìnnì ló kù. Kí ọmọ mi parí rẹ̀. Ó yá, ẹ kú ilé o.

Èmi aránṣọ, opó awakọ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Eléjò, ni mo kọ ìwé ogún mi yìí. Orí mi pé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó dìde dúró, màá fi ojú lásán wọn ìbàdí rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà yóò là mí níkùn.

1. Ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ ìránṣọ di ti ọmọ mi obìnrin. Ejò ń bà á lẹ́rù, n kò ní fi dandan mú un.

2. Òjòlá tí ọkọ mi fi sílẹ̀, àpótí onígíláàsì rẹ̀, àti yàrá méjì tó kọjú sí títì, mo fi fún àbúrò ọkọ mi, Gbajúmọ̀. Kò sí yàrá láìsí ejò. Bí ìjẹkújẹ bá pa á, ọmọ mi ló ni yàrá.

Orogún ni mò ń pe ejò náà. Ọkọ mi a máa jókòó tì í títí ọbẹ̀ mi á fi tutù. Ṣùgbọ́n orogún rere ni: kò bèèrè owó ọbẹ̀ rí.

3. Oúnjẹ rẹ̀: eku kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tí kò sanra ju ibi tí ejò ti tóbi jù lọ. Òkú eku inú fìríìsà ni, kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ́ ọ dénú. Ẹ̀mú ni kí a fi nà án sí i. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ejò fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ tán nínú àpótí rẹ̀.

Gbajúmọ̀, ẹ ṣeun o. Mo rìnrìn àjò, ẹ gbé mílíìkì àti búrẹ́dì fún un, ẹ ní àlejò ni. Kò jẹ ẹ́, ẹ ju eku ààyè sí i, ẹ gba ibi bọ́ọ̀lù lọ. Eku tí ebi ń pa sì bu ejò jẹ lẹ́yìn. Irú yín ṣọ̀wọ́n: ẹni tó fi ejò bọ́ eku!

4. Ẹ̀mú àti àga ọkọ mi, ti Gbajúmọ̀ náà ni. Orí àga yẹn lẹ jókòó sí tí ẹ ń fọ egbò ejò láràárọ̀ títí ó fi jinná. Ẹ rò pé n kò rí yín. Ìyẹn ló fún yín ní yàrá, kì í ṣe ẹnu dídùn yín.

Káfíńtà tó kan àpótí ejò ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Ẹ má fi ọtí bá a sọ̀rọ̀.

Mo fọwọ́ sí i lónìí, Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta: Ìyá Eléjò.
Ẹlẹ́rìí: káfíńtà, obìnrin eléku.

Gbajúmọ̀, n kò fẹ́ èsì orí ìwé. Eku wà nínú fìríìsà. Ẹ wá fi bọ́ ejò lójú mi ní Ọjọ́rú.