Ọgọ́ta Orúkọ Tó Bọ́ Nínú Ẹ̀rọ

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá; mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ràímì àti gbogbo ará ilé. Ara mi le, ọkàn mi ni kò le. Òjò ò dá ní Ajégúnlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, omi ti wọ yàrá, orí bẹ́ǹṣì ni mo ká ẹsẹ̀ sí tí mo ń kọ èyí.

Ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Liverpool Road ní Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ń ru ẹrù ní wáàfù. Èmi ni mò ń lu orúkọ wọn sórí káàdì tí ẹ̀rọ náà ń kà, ọgọ́rin lẹ́tà fún ẹnì kan. Ọ̀gá mi ní kí n ṣírò iye ènìyàn tí ẹ̀rọ náà máa gbà. 200K ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rọ náà pé ó lè gbà. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, lẹ́tà 1,024 ni K kan. Mo ṣírò, ó jẹ́ 2,560 ènìyàn, iye tí a ní gan-an. Inú mi dùn. N kò mọ̀ pé 1,000 géérégé ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ń pè ní K. 2,500 péré ló gbà, ó sì da ọgọ́ta tó kẹ́yìn nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe to orúkọ láti A, àwọn Wàhábì, Yékínì àti Yùsúfù ló bọ́.

Ẹ̀gbọ́n Yékínì tó gbà mí sílé lọ́jọ́ tí mo dé Èkó wà nínú wọn. Wọ́n dá a padà ní géètì wáàfù, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àràárọ̀ ló ń padà lọ. Ó ní kí n bá òun wò ó lọ́fíìsì, bóyá òun ṣẹ ẹnì kan.

Mo wò ó, mo rí àṣìṣe mi. Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì ti pín iṣẹ́ wọn fún àwọn tó kù, kí n panu mọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú lẹ́tà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ilé iṣẹ́. Wọ́n lé mi. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni padà nínú àwọn ọgọ́ta náà.

Mo kúnlẹ̀ sọ fún Ẹ̀gbọ́n Yékínì. Ó ní òun ti ń rò pé ọ̀tá ló ṣe òun. Ní Marine Beach ló ń bá wọn fa ọkọ̀ ẹja báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń bu oúnjẹ tèmi sọ́tọ̀, kò sì bá mi wíjọ́ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ará àdúgbò mọ́ pé ọmọ yín mọ ìṣirò.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, á fún Bàbá ní àlàáfíà. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírátù