Egbò Tí Wọ́n Ń Tún Ṣe Dè Mí

Bàbá mi àtàtà,

Èèpo kápúsù ló là mí lójú lánàá. Apá kan pupa, apá kan yẹ́lò, ó bọ́ sábẹ́ àpótí tí Ìyá Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n yín, gbé ẹsẹ̀ lé. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Egungun ẹja ló gún wọn lẹ́sẹ̀ ní Ọjà Olúwo. Wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò náà kò san, etí rẹ̀ ti ń dúdú. Dókítà wa ní Ìkòròdú ní àfi kí láàbù sọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀ kóun tó mọ oògùn tó máa pa á. Bó bá pẹ́ jù, ìka ẹsẹ̀ náà á lọ. Èmi nọ́ọ̀sì ni wọ́n rán. Mo fi òwú orí igi tín-ín-rín nu ojú egbò, mo tì í bọ inú ike gbọọrọ rẹ̀, mo dé e pa, mo sáré gba ọ̀nà Ìtóìkín padà sí Ìkòròdú kó má baà bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mejì! Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni èsì láàbù ní kòkòrò kankan kò hù. Ọkùnrin láàbù wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Nọ́ọ̀sì, ṣé egbò lẹ nu ni àbí tábìlì?”

Àṣé bí mo bá ti fi fóònù sọ pé mò ń bọ̀ báyìí, Ìyá Ẹ̀pẹ́ á da sípírítì sí egbò, wọ́n á tú kápúsù, wọ́n á bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sí i, wọ́n á wá ṣàn án kó mọ́ tónítóní. Kòkòrò tó wà lókè á kú. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń jẹ ẹsẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Kí ni òwú mi fẹ́ rí? Mi ò tilẹ̀ nu ún mọ́ lánàá.

Mo béèrè. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. “Ìwọ ọmọ Òyìnbó yìí, ṣé kí n gbé ìdọ̀tí kalẹ̀ fún àlejò ni? Kí ọmọ àbúrò mi wá máa gbóòórùn mi?”

Inú bí mi, Bàbá, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, ẹ̀yin ni mo rántí. Ẹ máa ń fọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò yín títí á fi dán kí ẹ tó gbé e lọ fún mẹkáníìkì, òun náà á wá máa wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò kiri. Gbogbo ìgbà tí mo sì pè yín láti òkè òkun, ẹ ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín, títí àìsàn yẹn fi gbé yín lọ. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí èmi náà ti di àlejò?

Ọ̀túnla ni mò ń padà lọ Ẹ̀pẹ́. Dókítà ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni ìkẹyìn, òun ò lè dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Bí mi ò bá pè kí n tó lọ, wọ́n á ní mo wá ṣọ́ wọn ni. Bí mo bá pè, wọ́n á tún mú sípírítì. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń sọ̀rọ̀ sí wọn tí wọn kì í bínú. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Kí ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n lè jẹ́ kí n bá wọn bí wọ́n ṣe wà? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń kọ lẹ́tà Yorùbá sí, tó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi Yorùbá dáhùn báyìí.