Kápúsù Tí Mo Fi Pamọ́

Màámi ní Ṣakí,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ilé ọkọ dùn. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ti apá òsì mi fún yín.

Iyán tí mo gún ní kókó. Ọlálérè, ọkọ mi, gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Ọmọ odó bà mí lápá, ó tún bà mí. Ẹ̀jẹ̀ ta sínú odó.

Òun náà ló sáré ra kápúsù. Ó da ìyẹ̀fun ọ̀kan sójú ọgbẹ́: "Pẹ̀lẹ́, aya mi." Mo gbé méjì mì. Nígbà tí ìrora rọ̀, mo fi ìyókù pamọ́, bí mo ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n apá wú, ó ń rùn.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní Adó níbí ní oògùn yẹn kò ran kòkòrò inú ọgbẹ́ mọ́: "Ẹ ò lò ó tán. Èyí tí kò kú ló le sí i, tó ń bí sí i. Kí lẹ tọ́jú ìyókù fún?"

Mo ní, "Nítorí ìgbà mìíràn ni, mà."

Abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n ń gún mi. Bí kò bá ràn án, wọ́n á gé apá náà. Yóò ràn án.

Ẹ bá mi kí Tẹniọlá àbúrò mi. Kó má tíì kó ẹrù sí yàrá mi lọ́dọ̀ yín.

Dùnmínínú yín.