Bí Kẹ́hìndé Ṣe Ṣọ́ Ìsun Omi Wa

Ìlórò-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Ondó.
Ọjọ́ 13, oṣù kẹta, 1983.

Olúbùnmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le ní Ìlọrin? Àwa náà ń mí, bí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí tilẹ̀ fẹ́ gbé wa mì.

Òjò kò rọ̀ níbí láti oṣù kẹwàá. Kànga ilé ìwé ti gbẹ, odò tí a máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ní kékeré ti di yanrìn. Ìsun abẹ́ àpáta nìkan ló kù, ó sì ń ṣe tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Àwọn àgbà wá pàṣẹ pé garawa méjì ni ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa pọn lójúmọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọṣọ níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi omi rẹ̀ ṣe epo tàbí po bulọ́ọ̀kù. Kẹ́hìndé Ògúndípẹ̀ ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ, Kẹ́hìndé tí a jọ ka ìwé mẹ́fà, tí kì í lè sọ̀rọ̀ sókè ní kíláàsì. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́.

Ilé wa ti kọ́gbọ́n. Omi tí mo fi fọ iṣu ni ewúrẹ́ ń mu. Inú bààfù la ti ń wẹ̀, omi ìwẹ̀ náà la fi ń fọ aṣọ oko, èyí tó bá ṣẹ́kù, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ.

Ọkọ mi, Bàbá Káyọ̀dé, ni kò kọ́kọ́ gbà. Àwọn ni alága ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ yàrá tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ pọn garawa mẹ́wàá fún bulọ́ọ̀kù, Kẹ́hìndé sì dá wọn padà. Ni wọ́n bá lọ fúnra wọn, mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n ní, “Ilé Ọlọ́run ni mo fẹ́ fi kọ́, kì í ṣe ilé mi.”

Kẹ́hìndé kúnlẹ̀ kí wọn. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ilé Ọlọ́run lè dúró de òjò. Ọmọ jòjòló kò lè dúró.”

Wọ́n bínú wálé. Wọ́n ní torí pé ìdílé rẹ̀ ń bọ Ògún ni kò ṣe fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì wa ga. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá Kẹ́hìndé kú, Ìyá Àpọ̀kẹ́ tó máa ń fún wa ní ẹ̀pà. Wọ́n ti dàgbà dáadáa, ẹbí sì ń bọ̀ láti Ìjurìn àti Ìdó-Ilé. Ta ló lè fi garawa méjì wẹ òkú, kó tún fi gún iyán fún ọgọ́rùn-ún èèyàn? Àwọn àgbà fúnra wọn ní kó pọn iye tó bá fẹ́. Gbogbo wa dúró, à ń wò ó. Ó pọn méjì, ó bo ojú ìsun náà. Ó ní, “Mo ti dá ẹni tó ń sọmọ lórúkọ padà níbí. Ṣé nítorí ìyá tèmi ni òfin yóò ṣe yí padà?” Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń gbé garawa rù.

Mo délé. Mo bu ìdajì garawa kan sínú ìkòkò, ẹ̀rù ohun tí ọkọ mi yóò sọ sì ń bà mí. Kí n tó gbé e, wọ́n ti gbé garawa kejì lé èjìká, èyí tó kún, wọ́n sì jáde síwájú mi. N kò rí wọn kí wọ́n ru omi rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Nígbà tí a dé agbo ilé Ògúndípẹ̀, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, oníkálukú pẹ̀lú igbá, abọ́ tàbí korobá, wọ́n ń da ìpín ilé wọn sínú ìkòkò ńlá. Bàbá Káyọ̀dé da tiwọn. Wọ́n ní, “Kẹ́hìndé, mo ṣì ọ́ gbọ́. Dárí jì mí.” Kẹ́hìndé di ọwọ́ wọn mú.

A wẹ ìyá, a sin wọ́n, àlejò yó, omi sì ṣẹ́kù. A kò wẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Bulọ́ọ̀kù ṣì ń dúró de òjò, ìsun náà kò sì tíì gbẹ. Olúbùnmi, à ń wá ẹni ńlá kiri, àṣé ó ti jókòó tì wá lórí bẹ́ńṣì láti kékeré.

Kí Ọlọ́run tu ilé yín lára, kí ẹ má ṣe ṣe aláìní ohun tí ẹ ó fi pa òǹgbẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kíláàsì kìíní,
Lydia Bámigbóyè.

Mo tún rántí: bí ẹ bá ń bọ̀ fún Àjíǹde, ẹ wẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kúrò ní Ìlọrin. Mo ti bi Kẹ́hìndé bóyá àlejò ní ìpín tirẹ̀. Ó ní kò ní.