Ọ̀fọ̀ Ìjòyè Wales

Ọjọ́bọ̀, Thamesmead

Ojú tì mí lónìí, síbẹ̀ mò ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ Ajé ni Daddy ará Wales tí mò ń tọ́jú ní Tavy Bridge kò ti jẹun dáadáa. Lánàá ló ní wọ́n gún ẹbí òun kan pa, ìjòyè tó ń bá ọba dájọ́. Kò sọ ọdún. Mo ní àwọn tó ń fi ọ̀bẹ gúnni ní London yìí náà ni!

Mo se jollof lọ láàárọ̀, mo kúnlẹ̀. "Daddy, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọjọ́ wo ni ìsìnkú?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún tá a ti sin ín!"

Mo fẹ́ gbé kúlà oúnjẹ mi padà. Ó dì í mú. "Má gbé e. Ìwọ lo kọ́kọ́ kí wa kú ọ̀fọ̀ rẹ̀."

Ó jẹ abọ́ méjì. Ìgbà tí mò ń wọ kóòtù òtútù mi láti máa lọ ló pè mí padà: wọ́n pa ẹ̀gbọ́n ìjòyè náà pẹ̀lú, kí n gbé jollof ọ̀fọ̀ tiẹ̀ náà bọ̀ lọ́la.